Bíbẹ́ Orí Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Bí A Ṣe Gbé Ọkọ̀ Tí Ń Kọsẹ̀ Dé Ọ̀yọ́

Ọ̀nà tó lọ láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ kì í ṣe ọ̀nà jíjìn. Bíi kìlómítà 50 ni. Ẹni tí ara ọkọ̀ rẹ̀ bá dá ṣáṣá lè dé ibẹ̀ láàrin wákàtí kan, bí kò bá sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ọjọ́ọ̀ àti Mọ́níyà. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bá ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, tí ó ń kọsẹ̀ bí ẹṣin arọ, ọ̀nà kékeré yìí a máa gùn bí ọ̀nà Kánò. Gbogbo òkè ibẹ̀ ni yóò di òkè ńlá, gbogbo ibi tí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bá ti dá ọkọ̀ dúró ni ọkàn onímọ́tò yóò máa já, pé bí ẹ́ńjìnnì yìí bá kú, ṣé yóò tún jí?

Mo fẹ́ ròyìn ìrìn-àjò kan tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rìn ní ọ̀nà náà. Kì í ṣe nítorí pé ohun abàmì ṣẹlẹ̀ sí wa, bí kò ṣe nítorí ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó ní ọkọ̀, ì báà jẹ́ tíṣà tí ń gbé e lọ sí ilé-ìwé, ì báà jẹ́ oníṣòwò tí ń fi kó ọjà. Ọ̀pọ̀ owó ni ó ń ti ọwọ́ àwọn ènìyàn wa bọ́ lórí irú àìsàn ọkọ̀ yìí, owó tí kò yẹ kí ó bọ́.

OHUN TÓ GBÉ WA DÌDE

Ọdún 32 ni ẹ̀gbọ́n mi fi ṣe iṣẹ́ tíṣà. Nígbà tí ó gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ó ra Toyota Corolla ti ọdún 2005, ó sì gbé e fún awakọ̀ kan tí ó mọ̀ dáadáa kí ó máa fi kó èrò láàrin Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́. Owó tí awakọ̀ náà ń mú wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń gbọ́ bùkátà ilé, òun náà ni ó sì fi ń san owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ tí ó ku ọdún kan péré kí ó parí ní Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nítorí náà, nígbà tí ọkọ̀ yìí dùbúlẹ̀ àìsàn, kì í ṣe ọkọ̀ nìkan ni ó dùbúlẹ̀.

Àìsàn náà bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dúró lójú kan tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní sílò, gbogbo ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, ife omi tí a bá gbé ka iwájú awakọ̀ á máa jó. Bí a bá fẹ́ gun òkè, á fà, á tún jáwọ́. Èyí ni àwọn mẹkáníìkì ń sọ pé ẹ́ńjìnnì ń mísì. Epo tí ń mu sì pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa sì mọ ohun tí epo ti di láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023.

Mẹkáníìkì kan ní Ìbàdàn gbé ẹ̀rọ síkánà ti ọkọ̀ náà, ó sì kọ nọ́ńbà méjì sílẹ̀: P0302 àti P0171. Ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọkọ̀ dára fún ọjọ́ mẹ́rin, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó pààrọ̀ kọ́ìlì kan. Ọkọ̀ dára fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó fọ nọ́sù epo, ó tún ní pọ́ǹpù epo ni kò ní agbára mọ́, ó pààrọ̀ ìyẹn náà. Nígbà tí a ṣírò rẹ̀, owó tó ti wọlé sínú ọkọ̀ náà ti di ₦142,000, gbígbọ̀n náà kò sì kúrò. Níkẹyìn, ó ju sípánà sílẹ̀, ó ní ẹ́ńjìnnì ti kú, pé ₦850,000 ni tókúnbọ̀ mìíràn, owó iṣẹ́ kò sí nínú rẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n mi kò bá ní in, ó ní ẹnìkan wà tí yóò ra ọkọ̀ náà bẹ́ẹ̀ ní ₦1,200,000, tí yóò kó owó wá lọ́jọ́ Ajé. Ọkọ̀ tí ó jẹ́ pé bí ara rẹ̀ bá dá, ìlọ́po mẹ́ta owó yẹn kò tó o rà!

Ẹ̀gbọ́n mi kò sùn ní òru ọjọ́ náà. Awakọ̀ rẹ̀ ni ó wá sọ pé, "Màmá, kí a tó tà á, ẹ jẹ́ kí a gbé e dé ọ̀dọ̀ Bàbá kan ní Ọ̀yọ́. Àwa awakọ̀ ojú ọ̀nà yìí mọ̀ ọ́n." Mo ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju ẹẹ́je lọ, ẹ jẹ́ kí a lọ wò ó. Bí a ṣe gbéra ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta nìyẹn.

LÁTI ỌJỌ́Ọ̀ DÉ ÌLỌRÀ

Ọjọ́ọ̀ ni ìlú Ìbàdàn ti ń tú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sílẹ̀. Àwọn onímẹ́rin-ún-mẹ́rin, àwọn ọlọ́kadà, àwọn obìnrin tí wọ́n ru búrẹ́dì, gbogbo wọn ni ó ń dù ú kí wọ́n ti ibẹ̀ jáde. Ẹ́ńjìnnì wa gbọ̀n níbẹ̀ títí ẹ̀gbọ́n mi fi di ilẹ̀kùn mú. Lẹ́yìn ìyẹn, a kọjá lẹ́bàá oko ńlá àwọn onímọ̀ ohun ọ̀gbìn tí wọ́n ń pè ní IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí iṣu, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀wà. A dé Mọ́níyà, níbi tí ọkọ̀ ojú irin tuntun láti Èkó parí sí. Ọdún 2021 ni wọ́n ṣí i, orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni wọ́n sì fi sọ ibùdókọ̀ náà.

Nígbà tí ọ̀nà là, tí awakọ̀ tẹ iná mọ́ ọn, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí mo kọ sínú ìwé kékeré mi. Gbígbọ̀n náà dín kù púpọ̀. Ó kù díẹ̀ tí ń kọsẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí bí ti orí ìdúró. Mo tún kíyè sí i pé omi kò gbẹ nínú rádíétọ̀, èéfín funfun kò sì jáde lẹ́yìn wa. Ẹ rántí nǹkan wọ̀nyí, nítorí a óò tún padà dé orí wọn.

Ní Fìdítì, àwọn ọlọ́sàn sáré bá wa gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìbẹ́pẹ, gbogbo rẹ̀ ni ó tò sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ìyá kan tí ń ta ọsàn gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì wa, ó ní, "Ẹ̀yin ará mi, ẹ má wulẹ̀ paná ọkọ̀ yín o. Ọjọ́ tí irú èyí kú níbí, ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó wá gbé e." A rẹ́rìn-ín, a ra ọsàn, a kò sì paná. A kọjá Ìlọrà, kò sì pẹ́ tí a fi wọ Ọ̀yọ́.

Ọ̀YỌ́ ALÁÀFIN

Ìlú tí a wọ̀ yìí kì í ṣe Ọ̀yọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀yọ́-Ilé wà lókè lọ́hùn-ún, ó sì ti di ahoro. Aláàfin Àtìbà ni ó tún ìjọba náà tẹ̀ dó sí Àgọ́-Ọjà láàrin ọdún 1830 sí 1840. Títí di òní, àwọn afíngbá àti àwọn oníṣẹ́ awọ wà níbẹ̀, ọjà Akẹ̀sán sì wà nítòsí ààfin. Aláàfin Lámídì Adéyẹmí Kẹta wàjà ní ọdún 2022 lẹ́yìn ohun tó lé ní 50 ọdún lórí ìtẹ́. Aláàfin tuntun sì gun orí ìtẹ́ ní ọdún 2025. Fún àwa tíṣà, orúkọ Ọ̀yọ́ tún ní adùn mìíràn, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n tẹ St. Andrew's College dó sí ní ọdún 1896, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn tíṣà àgbà ilẹ̀ yìí ti gba ẹ̀kọ́. Bí a ti kọjá níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ọ̀gá tí ó kọ́ mi ní ìṣirò, ibí ni ó ti jáde."

Ìlú tí ó mọ bí a ti ń tún nǹkan tẹ̀ dó ni Ọ̀yọ́. Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi ní ìrètí díẹ̀.

BÀBÁ Ọ̀NÀ AWẸ́

Ẹ̀bá ọ̀nà Awẹ́ ni Bàbá náà wà, lábẹ́ igi máńgòrò kan, pẹ̀lú àtíbàbà páànù àti ọmọ-iṣẹ́ mẹ́ta. Ó ti lé ní ẹni 70 ọdún. Ó sọ fún wa pé ọkọ̀ Morris ni òun kọ́kọ́ fọwọ́ kàn nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́, lẹ́yìn náà ni ó wá di Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní ọdún 1975.

Ó kí wa, "Ẹ kú ọ̀nà o, Ìyá Tíṣà. Ẹ jókòó, ẹ mumi." Kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó kọ́kọ́ ń béèrè ọ̀rọ̀ bí oníṣègùn. "Nígbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀? Ṣé ní òwúrọ̀ tí ó tutù ni àbí nígbà tí ó bá gbóná? Ṣé lórí ìdúró ni ó ti pọ̀ jù àbí nígbà tí ẹ bá ń sáré? Ǹjẹ́ ó ń jẹ omi? Ìgbà wo ni ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì kẹ́yìn?"

Mo fa ìwé kékeré mi yọ, mo ka ohun tí mo kọ fún un. Ní ti ọ́ìlì, awakọ̀ wolẹ̀. Ó ti pẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún un pé wọ́n ní ẹ́ńjìnnì ti kú. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ta ni ó gbé ìwọ̀n sí i kí ó tó sọ bẹ́ẹ̀?" A ní kò sẹ́ni tó gbé nǹkan kan sí i. Ó ní, "Ẹ kì í sọ pé ènìyàn kú láì tíì fọwọ́ kan àyà rẹ̀."

OHUN TÍ Ń MÚ ẸŃJÌNNÌ MÍ

Kí a tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí ní ọ̀nà tí yóò fi yé ọmọ ilé-ìwé. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yìí ní sílíńdà mẹ́rin, bí ọkùnrin mẹ́rin tí wọ́n jọ gbé igi ńlá kan lé èjìká. Bí ọ̀kan bá yọ èjìká, igi náà á fì, àwọn mẹ́ta yòókù á sì ta gìrọ́gìrọ́. Lórí ìdúró, ẹ́ńjìnnì a máa yí nǹkan bí ìgbà 700 láàrin ìṣẹ́jú kan, sílíńdà kọ̀ọ̀kan a sì máa ṣáná lẹ́ẹ̀kan nínú yíyí méjì. Èyí jẹ́ ìgbà 350 láàrin ìṣẹ́jú kan. Bí ọ̀kan bá ń pa ìgbà tirẹ̀ jẹ, ẹ lè mọ ìdí tí ọkọ̀ fi ń gbọ̀n.

Nǹkan mẹ́rin ni sílíńdà kọ̀ọ̀kan ń fẹ́: afẹ́fẹ́ tó tó, epo tó tó, iná tí púlọ́ọ̀gì ń ṣá, àti ìfúnpọ̀, èyíinì ni pé kí pístìn lè fún afẹ́fẹ́ àti epo náà pọ̀ kí ó le. Bí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá kù, iná kò ní jó dáadáa. Ẹni tí ó bá ń pààrọ̀ nǹkan láì mọ èyí tó kù dà bí ẹni tí ń da iyọ̀ sínú ọbẹ̀ tí ata ni kò sí nínú rẹ̀.

Síkánà ń ṣe ìrànlọ́wọ́ níbẹ̀. Láti ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti mú kí gbogbo ọkọ̀ kékeré tuntun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ní ojú-ihò tí a ń fi síkánà bọ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ tókúnbọ̀ tí ń bọ̀ láti ibẹ̀ ni ó ní in. P0302 túmọ̀ sí pé sílíńdà kejì ń kọsẹ̀. 2 tó wà ní ìparí ni nọ́ńbà sílíńdà. Bí ó bá jẹ́ P0301, ti àkọ́kọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ P0300, kò dúró sí ojú kan. P0171 ní tirẹ̀ ń sọ pé epo kéré sí afẹ́fẹ́. Mẹkáníìkì Ìbàdàn rí èyí, ó ní pọ́ǹpù epo ni. Ṣùgbọ́n Bàbá ní, "Ẹ̀rọ yìí á sọ ilé tí iná ti ń jó fún ọ, kò ní sọ ẹni tó dá a. Epo kéré sí afẹ́fẹ́, ó dára. Ṣé epo ni ó dín ni, àbí afẹ́fẹ́ ni ó lé?"

BÍ Ó ṢE WÁ ÀÌSÀN NÁÀ RÍ

Ohun àkọ́kọ́ tí Bàbá ṣe ni pé ó ní kí ọmọ-iṣẹ́ yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ó sì wọn ìfúnpọ̀. Ó ní nítorí ìdájọ́ ikú tí wọ́n ti dá fún ẹ́ńjìnnì, òun kò fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí òkú. Wọ́n dí ọ̀nà epo, wọ́n de ẹ̀rọ ìwọ̀n mọ́ ihò púlọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan, awakọ̀ sì tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ó ti ń ṣíná. Èkínní ka 170, èkejì 165, ẹ̀kẹta 170, ẹ̀kẹrin 170. Bàbá yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, "Ìyá Tíṣà, ẹ fi ọkàn balẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sún mọ́ra wọn, wọ́n sì lágbára. Bí èkejì bá ti kú ni, ẹ ó rí i pé tirẹ̀ á jìnnà sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yín kò kú."

Ẹ̀gbọ́n mi kò lè sọ̀rọ̀. Ó kàn ń nu ojú pẹ̀lú etí ìró rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà, wọ́n ṣíná. Ọmọ-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wáyà orí kọ́ìlì lọ́kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Nígbà tí ó yọ ti àkọ́kọ́, gbígbọ̀n pọ̀ sí i. Ti ẹ̀kẹta àti ti ẹ̀kẹrin bákan náà. Nígbà tí ó yọ ti èkejì, nǹkan kan kò yí padà, nítorí pé ẹni tí kò ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, a kì í mọ ìgbà tí ó jáde. Bàbá ní ní ayé Peugeot, omi ni àwọn máa ń wọ́n sí ojú páìpù èéfín tí ó ti ara sílíńdà kọ̀ọ̀kan jáde. Èyí tí omi kò bá hó lójú rẹ̀, òun ni kò jóná.

Wọ́n wá tú kọ́ìlì kejì pẹ̀lú sípánà nọ́ńbà 10. Ó jáde pẹ̀lú ọ́ìlì lára, ó ń kán tótó. Rọ́bà ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti wú, ó ti rọ̀ bí ẹ̀kọ. Lára funfun púlọ́ọ̀gì, ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bàbá ní ojú ọ̀nà tí iná ń gbà sá nìyẹn. Dípò kí iná lọ ṣá ní ẹnu púlọ́ọ̀gì, ẹ̀gbẹ́ ni ó ń gbà wọ ara irin. Wọ́n wo ihò kẹta, ọ́ìlì díẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ibẹ̀ náà. Ihò púlọ́ọ̀gì kì í ṣe ibi tí ó yẹ kí ọ́ìlì wà rárá.

Kí ó lè dá a lójú, wọ́n nu ihò kejì gbẹ, wọ́n fi púlọ́ọ̀gì mìíràn síbẹ̀, wọ́n sì gbé kọ́ìlì kejì lọ sí ẹ̀kẹrin, wọ́n gbé ti ẹ̀kẹrin wá sí èkejì. Àìsàn ṣí lọ! Èkejì ń jó dáadáa, ẹ̀kẹrin ni ó wá ń kọsẹ̀. Ẹ̀rí nìyẹn pé kọ́ìlì tuntun náà ti bàjẹ́, àti pé kì í ṣe nọ́sù, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Ìdí tí púlọ́ọ̀gì tuntun fi ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, tí kọ́ìlì tuntun sì ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì nìyẹn. Àyè gbígbẹ ni wọ́n bá. Nígbà tí ọ́ìlì bá tún kún ihò náà, wọn a tún kú.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì parí. Bàbá fi kọ́ìlì kan tí ó dára láti inú àpótí rẹ̀ dán an wò, sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣáná, síbẹ̀ sílò kò tíì fararọ. Bí a bá tẹ iná mọ́ ọn díẹ̀, á dákẹ́. Bí a bá jọ̀wọ́ rẹ̀, á tún máa gbọ̀n. Níbí ni ohun tí mo rí lójú ọ̀nà ti wúlò. Bàbá ní, "Afẹ́fẹ́ kan wà tí ń jí wọlé. Lórí ìdúró, afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ kò pọ̀, nítorí náà olè kékeré a hàn. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, afẹ́fẹ́ púpọ̀ ni ń wọlé, olè náà a sì sọnù sínú èrò."

Ó mú páìpù rọ́bà gígùn kan, ó ki ẹnu kan bọ etí rẹ̀, ó ń fi ẹnu kejì káàkiri bí dókítà tí ń gbọ́ àyà. Lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ó dúró. Ó ní kí n wá gbọ́. Mo gbọ́ ọ: ṣíìì, bí ejò. Páìpù rọ́bà kékeré kan ni, èyí tó ti orí ẹ́ńjìnnì lọ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Abẹ́ rẹ̀ ti là, ojú kò sì lè rí i láti òkè. Bàbá fi púláyà fún un pa, lójú ẹsẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wo ara wa.

Ní orí páìpù náà ni fáàfù kékeré kan wà tí ń fa èémí inú ẹ́ńjìnnì jáde. Bàbá tú u, ó mì í létí mi. Ó ní bí ó bá dára, ó yẹ kí ó máa ró kẹ̀kẹ̀. Kò ró. Ọ́ìlì tí ó ti dì bí ọ̀dà ti dí i pa. Ibẹ̀ ni gbogbo ìtàn náà ti so pọ̀. Nígbà tí wọn kò pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, ó dì, ó dí fáàfù. Nígbà tí fáàfù dí, èémí inú ẹ́ńjìnnì kò rí ọ̀nà jáde mọ́, ó ń ti ọ́ìlì jáde níbi tí rọ́bà bá ti gbó. Rọ́bà tó yí ihò púlọ́ọ̀gì ká ti le gbagidi, ibẹ̀ ni ọ́ìlì gbà wọlé. Ọ́ìlì sì pa kọ́ìlì. Páìpù tó là ni ó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ lé, òun ni síkánà rí tí ó fi kọ P0171, tí wọ́n sì fi pọ́ǹpù epo san ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

OWÓ RẸ̀ ÀTI Ọ̀NÀ ÒGBÓMỌ̀ṢỌ́

Ọmọ-iṣẹ́ kan gun ọ̀kadà lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn onísípéàpáàtì ní Owódé. Gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú rọ́bà ihò púlọ́ọ̀gì rẹ̀, fáàfù kan, páìpù kan, kọ́ìlì kan àti ọ́ìlì tuntun pẹ̀lú sẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀. Pẹ̀lú owó iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦94,000. Ẹ fi wé ₦850,000. Ẹ tún fi wé ọkọ̀ tí à bá ti tà ní ọ̀pọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fún Bàbá ní owó lé e. Bàbá kọ̀, ó ní, "Ẹ lọ san owó ilé-ìwé ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún awakọ̀ yìí pé ọ́ìlì kì í ṣe omi òjò, a kì í dúró dè é kí ó tó rọ̀."

A kò padà sí Ìbàdàn lójú ẹsẹ̀. Bàbá ní kí a gbé ọkọ̀ náà rìn jìnnà kí a lè mọ̀ bóyá ó ti yá, a sì mú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀n. Ọ̀nà yẹn kò rọrùn, àwọn ọkọ̀ àjàgbé tí ń lọ òkè Ọya pọ̀ lórí rẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ yà wọ́n sílẹ̀ nílò ẹ́ńjìnnì tí kì í jáwọ́ lójijì. A kọjá Odò-Ọbà láìséwu. A gun òkè, kò fà sẹ́yìn. Nígbà tí a dúró ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo bu omi sínú ife, mo gbé e ka iwájú awakọ̀. Omi náà kò jó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jáde wá bá wa, kò mọ̀ pé ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ìyá òun ti ń rò bí yóò ṣe sọ fún òun pé kí ó dá ẹ̀kọ́ dúró. A kò sì sọ fún un.

Lọ́jọ́ Ajé, oníbàárà tí mẹkáníìkì Ìbàdàn wí kó owó dé. Ẹ̀gbọ́n mi fún un ní omi tútù mu, ó ní ọkọ̀ òun ti lọ sí ẹnu iṣẹ́.

OHUN TÍ ẸNI TÓ LÓ ỌKỌ̀ YÓÒ DÌ MÚ

Ẹ̀yin òǹkàwé, kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ tí ń gbọ̀n ni àìsàn rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a fi ń wá a kò yí padà.

Èkínní, ẹ kọ ìṣe ọkọ̀ yín sílẹ̀ kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Bí gbígbọ̀n bá pọ̀ lórí ìdúró tí ó sì ń dín kù nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, ẹ kọ́kọ́ fura sí afẹ́fẹ́ tí ń jí wọlé. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá ń gun òkè tàbí tí ẹrù bá wúwo ni ó ń kọsẹ̀ jù, ẹ kọ́kọ́ wo púlọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì. Bí omi rádíétọ̀ bá ń dín kù tí èéfín funfun sì ń jáde láìdáwọ́ dúró, ẹ má wà á mọ́, ó lè jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàrin orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀ ni ó ti jó. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní kété tí ẹ ra epo, ẹ fura sí epo náà, omi lè wà nínú rẹ̀.

Èkejì, bí iná kékeré tí ó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì bá kàn tàn, ẹ lè rọra wà á dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń ṣẹ́jú, ẹ dẹ ẹsẹ̀, ẹ sì wá ibi dúró. Epo tí kò jó ń lọ sínú àpótí ìwẹ èéfín tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀, ibẹ̀ ni yóò ti gbóná jù, tí yóò sì bà á jẹ́, owó rẹ̀ kò sì kéré.

Ẹ̀kẹta, bí mẹkáníìkì bá fẹ́ pààrọ̀ kọ́ìlì, ẹ ní kí ó kọ́kọ́ ṣí i sípò sílíńdà mìíràn. Bí àìsàn bá bá a lọ, kọ́ìlì ni. Bí kò bá bá a lọ, ẹ fi owó yín sí àpò. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹ sì ní kí ó wo inú ihò púlọ́ọ̀gì bóyá ọ́ìlì wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má gbà pé ẹ́ńjìnnì kú títí wọn yóò fi wọn ìfúnpọ̀ rẹ̀ lójú yín, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ fún yín. Ẹni tí kò bá fẹ́ wọ̀n ọ́n, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ wá ẹlòmíràn lọ.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò. Nínú ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ ọ́ìlì tó ti pẹ́ ni ó bí gbogbo ìyókù.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó dára ni wọ́n ti tà ní ẹ̀dínwó, ọ̀pọ̀ opó àti òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ni wọ́n sì ti sọ di ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn, nítorí pé ẹnìkan kò ní sùúrù láti béèrè pé kí ló fà á. Bí orí bá ń fọ́ wa, ẹ jẹ́ kí a wá ohun tí ń fọ́ ọ. Bíbẹ́ orí kọ́ ni oògùn orí fífọ́.